Wọ́n Rí Gbogbo Ẹ̀yà, Ìdí Àsopọ̀ Ni Wọn Ò Kọ́kọ́ Rí: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìwádìí Páténtì Kan

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe ohun tí a ń kó sínú àpótí. Ìwé ìwádìí ni, ojú ewé 43, tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn olùdásílẹ̀ ṣe ìwádìí páténtì (ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó dá ohun tuntun sílẹ̀) kọ fún mi kí n tó fèsì fún ilé-iṣẹ́ páténtì Amẹ́ríkà lórí sẹ́ńsọ̀ tí mo ṣe, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn nǹkan. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí pé wọ́n ṣe àtúnṣe nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, àti nítorí pé àléébù tí mo rí nínú ìwé wọn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú wọn: bí a bá kó àwọn iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sẹ́yìn jọ, ṣé àkójọ wọn á mú kí ohun tí mo ní èmi ni mo dá a sílẹ̀ di ohun tó ti hàn gbangba sí ẹni tó mọ iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ níwọ̀n, ẹni tí mo máa pè ní oníṣẹ́? Abala 103 nínú òfin páténtì Amẹ́ríkà, tó ti wà nínú ìwé òfin láti ọdún 1952, ló bí ìbéèrè náà: ohun tó bá hàn gbangba bẹ́ẹ̀ kò lè gba páténtì.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo gbé fún wọn, torí pé ẹni tí kò bá mọ sẹ́ńsọ̀ náà kò ní mọ ibi tí iṣẹ́ wọn ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rinrin ilẹ̀ ló ń wọ̀n. Àwo irin méjì wà lára ọ̀pá tí a ń rì mọ́lẹ̀, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn ni a sì fi ń mọ bí omi ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, nítorí pé agbára tí omi ní láti gba iná sára tó nǹkan bí ìlọ́po 80 ti òfúrufú, nígbà tí ti ilẹ̀ gbígbẹ kò ju nǹkan bí ìlọ́po 3 sí 5 lọ. Ìgbóná àti iyọ̀ ló ń da ìwọ̀n náà rú. Bí omi bá ń gbóná, agbára rẹ̀ yìí ń dín kù: ní 20 °C ó wà ní nǹkan bí 80, ní 100 °C ó ti já sí nǹkan bí 55. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ilẹ̀, ìgbóná kan náà lè mú kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ pé omi ti pọ̀ sí i, nítorí pé iná máa ń kọjá lára omi iyọ̀ tó gbóná ju bó ṣe ń kọjá lára èyí tó tutù lọ. Ìgbóná kan náà ń fa ìwọ̀n sísàlẹ̀ ní ilẹ̀ kan, ó sì ń tì í sókè ní ilẹ̀ mìíràn. Ọdún mélòó kan ni mo fi bá ọ̀rọ̀ yìí jà.

Nínú ìwé ìbéèrè páténtì, àwọn gbólóhùn kan wà lẹ́yìn tó ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Gbólóhùn ẹ̀tọ́ ni mo máa pè wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń dá dúró níwájú òfin, bí ọ̀kan bá sì ṣubú, kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ṣubú. Èkíní tèmi sọ pé sẹ́ńsọ̀ náà ní àwo méjì, ó sì ní ohun tó ń wọn ìgbóná ní ìjìnlẹ̀ kan náà tí àwọn àwo náà wà. Èkeje fi kún un pé fíríkúẹ́ńsì méjì (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni sẹ́ńsọ̀ náà ń lò, ọ̀kan kéré, èkejì ga, àti pé kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ ń lo ìyàtọ̀ àárín ìwọ̀n méjèèjì láti yọ ipa iyọ̀ kúrò. Àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní ti wíwá ìwé, mo yìn wọ́n láìfi nǹkan kan pamọ́. Èmi náà ti wá a fúnra mi lórí Google Patents àti lórí Espacenet, tí Ilé-iṣẹ́ Páténtì Yúróòpù ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 1998, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń tẹ̀ síbẹ̀: ilẹ̀, ọ̀rinrin, sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ nìkan wá páténtì, ìwé tí wọ́n kọ pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló máa rí. Àwọn wọ̀nyí gba ọ̀nà ìsọ̀rí wọlé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ páténtì ń pín ìwé sí gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nínú wọn. Wọ́n tú G01N 27/22, ìsọ̀rí àwọn ohun tó ń fi agbára ìgbaná-sára yẹ nǹkan wò, wọ́n sì tú G01N 33/24, tó jẹ́ ti erùpẹ̀ àti ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa ìwé èdè Jámánì kan àti ìwé èdè Japan kan jáde tí èmi kò lè rí láéláé, nítorí pé orúkọ tí wọ́n pe ohun tí mo ń wá nínú wọn kò jọ ọ̀kankan nínú àwọn orúkọ tí mo mọ̀ ọ́n sí.

Wọ́n tún fi àmì sí ìwé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwọn olùyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ páténtì Yúróòpù ṣe máa ń ṣe é. X ni fún ìwé tó lè dá gbólóhùn ẹ̀tọ́ dúró ní òun nìkan, Y ni fún èyí tó lè dá a dúró bí a bá kà á pọ̀ mọ́ òmíràn, A sì ni fún èyí tó kàn ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ náà dé. Kò sí X kankan nínú tèmi, inú mi sì dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Y ló kún ibẹ̀. Ìṣòro Y ni pé ìwé kan ṣoṣo kò lè jẹ́ Y láìní ẹnìkejì, ẹni tó bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ ti jẹ gbèsè àlàyé: kí ló máa mú oníṣẹ́ so èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni mo ń pè ní ìdí àsopọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ àṣìṣe kékeré kan kúrò lọ́nà. Ìwé Japan tí mo mẹ́nu bà yẹn jáde ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tí mo fi ìwé ìbéèrè páténtì mi sílẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, páténtì Amẹ́ríkà tàbí ìwé ìbéèrè páténtì tí wọ́n tẹ̀ jáde níbẹ̀ lè kà láti ọjọ́ tí ẹni tó ni ín ti fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ òkèèrè lásán kì í ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó jáde ni ọjọ́ rẹ̀. Kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Lórí gbólóhùn ẹ̀tọ́ kìíní, iṣẹ́ wọn dára débi pé ó dùn mí. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin ilẹ̀ tó ní ohun ìwọ̀n ìgbóná, ṣùgbọ́n òkè, níbi orí ọ̀pá tí kò wọlẹ̀, ló wà. Ìwé kejì, tó jẹ́ ti ọ̀pá tí àgbẹ̀ fi ń wọn ìgbóná ilẹ̀ nìkan, sọ ọ́ ní kedere pé oòrùn máa ń gbóná orí ọ̀pá ju inú ilẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó, inú ilẹ̀ gan-an ni kó ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n kọ ìpínrọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i nídìí, wọ́n sì kọ ìdí àsopọ̀ ní gbólóhùn mẹ́rin tó yé ọmọdé. Mo jiyàn. Mo ní ìwé àkọ́kọ́ fẹ́ kí ohun èlò wà lókè kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ó ń kọ́ oníṣẹ́ pé kó má sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Agbẹjọ́rò tó buwọ́ lu ìwé náà dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n tọ́ka sí ẹjọ́ In re Fulton ti ọdún 2004, níbi tí ilé-ẹjọ́ ti sọ pé bí ìwé bá kàn yan ọ̀nà kan, kò túmọ̀ sí pé ó lé oníṣẹ́ kúrò ní ọ̀nà yòókù, àyàfi tó bá bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà náà. Ìwé àkọ́kọ́ kò bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan kan. Ó kàn fi ohun èlò rẹ̀ sókè ni. Mo gbà.

Èkeje ni ibi tí ọkàn mi ti bàjẹ́. Ojú ewé 31 ni tábìlì rẹ̀ wà, mo sì mọ̀ ọ́n sórí báyìí. Òpó àkọ́kọ́ to àwọn ẹ̀yà gbólóhùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òpó kejì sọ ìwé àti ìpínrọ̀ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti wá, òpó kẹta sì jẹ́ ti ìdí àsopọ̀. Lójú ìlà fíríkúẹ́ńsì méjì, wọ́n kọ ìwé kẹta, sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ òróró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wò bóyá ó ti dọ̀tí. Lábẹ́ ìdí, gbólóhùn kan péré ló wà: oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà yóò fẹ́ so wọ́n pọ̀ kí sẹ́ńsọ̀ lè péye sí i. Ó parí síbẹ̀. Ta ni kì í fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ òun péye? Bí ìdí yẹn bá tó, kò sí àsopọ̀ kan láyé yìí tí kò ní hàn gbangba, torí pé gbogbo ẹni tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ ló ń wá ìpéye.

Mi ò sọ pé ìwé òróró ẹ́ńjìnnì kò lè wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Òfin kò ní kí ìwé wá láti inú iṣẹ́ kan náà; bó bá jẹ mọ́ ìṣòro tí olùdásílẹ̀ ń yanjú, ó ti kúnjú ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ìwé náà. Sẹ́ńsọ̀ òróró ń lo fíríkúẹ́ńsì kékeré láti fi mọ bí iná ṣe ń kọjá lára òróró, nítorí pé ìdọ̀tí ló ń jẹ́ kó kọjá. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń wá gan-an ni ohun tí tèmi ń lé lọ. Ó ṣeé ṣe kí oníṣẹ́ ọlọ́gbọ́n rí i kó sì sọ pé ohun tí a bá lè wọ̀n, a lè yọ ọ́ kúrò. Ó tún ṣeé ṣe kó kà á kó sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èwo nínú méjèèjì? Ìbéèrè yẹn ni mo sanwó fún, òun gan-an ni wọ́n sì fò kọjá.

Ohun tó mú kí n le mọ́ wọn tó báyìí ni pé ẹjọ́ tó tóbi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ sẹ́ńsọ̀ ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2007, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ KSR àti ilé-iṣẹ́ Teleflex, gbogbo adájọ́ ló fohùn ṣọ̀kan, Adájọ́ Kennedy ló sì kọ ìdájọ́ náà. Páténtì tí wọ́n ń jà lé lórí, tí orúkọ Engelgau wà lára rẹ̀, jẹ́ ti pẹ́dà tí awakọ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré: a lè sún pẹ́dà náà síwájú tàbí sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe gùn tó, sẹ́ńsọ̀ oníná sì wà ní ibi ìkọ́ tí pẹ́dà ti ń yí, ìkọ́ tí kì í kúrò lójú kan. Páténtì Asano ti wà ṣáájú, ó ní pẹ́dà tó ń sún tí ìkọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò, ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ńsọ̀. Asano yìí kò sí lára àwọn ìwé tí olùyẹ̀wò rí kó tó fọwọ́ sí páténtì Engelgau. Páténtì Smith pẹ̀lú ti wà, òun ló kọ́ni pé kí a fi sẹ́ńsọ̀ sí ibi tí kì í mì lára pẹ́dà, kí wáyà rẹ̀ má baà máa họ títí tí yóò fi já.

Ẹni tó bá ka ìdájọ́ náà ní àkàyọbọ̀ á rí i pé ilé-ẹjọ́ kò sọ pé ẹ̀yà kan wà lọ́hùn-ún, ẹ̀yà kejì wà níhìn-ín, nítorí náà ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Àwọn aṣọkọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà rọ́pò wáyà tó ń ṣí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà sì nílò sẹ́ńsọ̀ tó máa sọ ibi tí pẹ́dà wà fún un, nítorí náà ìdí tó lágbára wà fún ẹni tó ń ṣe pẹ́dà láti fi sẹ́ńsọ̀ sára pẹ́dà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè pé níbo ni oníṣẹ́ máa fi í sí. Páténtì kan ti sọ pé ara pẹ́dà dára ju inú ẹ́ńjìnnì lọ. Smith ti sọ pé ibi tí kì í mì ni kó wà. Lára pẹ́dà Asano, ibi tí kì í mì tó sì rọrùn jù láti mọ bí pẹ́dà ṣe ń lọ ni ìkọ́ náà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìdí tirẹ̀, tí a sì lè fi ìka tọ́ ọ.

Inú ìdájọ́ kan náà ni wọ́n ti kìlọ̀ pé páténtì tó ní ẹ̀yà púpọ̀ kò di ohun tó hàn gbangba kìkì nítorí pé a rí ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, àti pé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe àtúpalẹ̀ náà sọ ìdí àsopọ̀ síta kedere. Lóòótọ́, wọ́n tú ìdè òfin náà sílẹ̀. Kò pọn dandan mọ́ kí ìwé kan sọ ọ́ lọ́rọ̀ ẹnu pé kí a so èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn. Oníṣẹ́ ní làákàyè tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ka ìtúsílẹ̀ náà bí ẹni pé àlàyé kò pọn dandan mọ́. Ìyẹn ni àìsàn tó ṣe ojú ewé 31. Bí àlọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí: kí a tó já a, ẹnu gbogbo wa wọhò, bí a bá ti já a tán, kò sí ẹni tí kì í sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn ẹ̀tọ́ mi wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ìwé, wọ́n ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó gbọ́ àlọ́. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń ṣọ́ra fún èyí nípa bíbéèrè bóyá oníṣẹ́ á so wọ́n pọ̀, kì í ṣe bóyá ó lè so wọ́n pọ̀. Ìyàtọ̀ àárín “á” àti “lè” yẹn kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n páténtì lè tìtorí rẹ̀ yè tàbí kó kú.

Ibì kejì tí wọ́n ti kùnà ni apá tó yẹ kó sọ nípa ẹ̀rí ìta. Láti ìgbà ẹjọ́ Graham àti John Deere ní ọdún 1966 ni ilé-ẹjọ́ ti ní kí a wo ohun tó wà nínú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ohun tuntun, bí òye oníṣẹ́ ṣe tó, àti ẹ̀rí bíi pé ọjà ti ń fẹ́ ohun náà tipẹ́ tàbí pé àwọn mìíràn gbìyànjú rẹ̀ tí wọn kò rí i ṣe. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá ẹjọ́ Adams, lórí bátìrì tí wọ́n fi magnesium àti cuprous chloride ṣe, tí omi lásán ń jí. Àwọn ohun méjèèjì ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ gbé páténtì náà dúró, torí pé ìwé àtijọ́ ń lé oníṣẹ́ kúrò níbẹ̀, àwọn onímọ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ohun tó sì jáde kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń retí. Gbogbo ohun tí ìwé mi sọ lórí apá yìí ni pé wọn kò rí ẹ̀rí kankan. Wọn ò bi mí. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ ìdánwò tó kún inú dúrọ́ọ̀ kan, tí ó fi hàn bí ìwọ̀n ṣe ń yí padà láti ìsàlẹ̀ sí òkè bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí wọn, ohun tí wọ́n sì ṣe lẹ́yìn náà ni kò jẹ́ kí n bínú sí wọn pátápátá. Wọn kò jà fún ojú ewé 31. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi àfikún ojú ewé mẹ́fà ránṣẹ́, wọ́n sì yọ ìwé òróró kúrò ní ipò pàtàkì tó wà. Àròkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan lórí ilẹ̀ oníyọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, èyí tó jáde ṣáájú ìbéèrè mi. Ó fi hàn pé ìwọ̀n fíríkúẹ́ńsì kékeré máa ń wú nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ti èyí tó ga kì í sì í wú tó bẹ́ẹ̀, ó sì dábàá pé kí a fi ọ̀kan tún èkejì ṣe. Ìdí àsopọ̀ nìyẹn. Ó wà lórí ìwé, láti inú iṣẹ́ ilẹ̀, fún ìṣòro kan náà. Gbólóhùn keje, bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà náà, kò lè dúró níwájú rẹ̀.

Ìpinnu wọn kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó gbé e dé ibẹ̀ ti yí padà, èyí sì ṣe mí láǹfààní gan-an. Nígbà tí ìdí náà hàn, mo rí ibi tó parí sí. Àròkọ náà kò mẹ́nu kan ìgbóná. Inú yàrá ìdánwò tí ìgbóná rẹ̀ kì í yí ni wọ́n ti ṣe é. Kò sí ìwé kankan nínú gbogbo àkójọ náà tó fi ìgbóná ìjìnlẹ̀ pinnu apá ibi tí àtúnṣe máa gbà, bóyá sókè tàbí sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni mo sún gbólóhùn ẹ̀tọ́ mi sí, pẹ̀lú ìwé ìdánwò inú dúrọ́ọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí bí ojú ewé 31 ṣe lè mú mi dé ibẹ̀, nítorí pé ìdí tí kò ní ààlà kì í fi ààlà han ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá rò pé ìdí àìlẹ́sẹ̀ kò léwu fún òun, níwọ̀n bí òun bá ti gba páténtì, kó rántí pé láti ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, alátakò lè lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ páténtì Amẹ́ríkà pẹ̀lú páténtì àti ìwé àtẹ̀jáde àtijọ́ lọ́wọ́, kó sì ní kí wọ́n fagi lé èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ìdí àsopọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí bá fò, alátakò tó lówó lọ́wọ́ kò ní fò ó.

Bí mo bá tún ní sẹ́ńsọ̀ mìíràn, ọ̀dọ̀ wọn ni màá gbé ìwádìí rẹ̀ lọ, torí pé mi ò tíì rí ẹni tó mọ ìwé wá tó wọn. Ṣùgbọ́n màá fi í sínú àdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé, lábẹ́ gbogbo Y, kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan tó sọ ìṣòro tí oníṣẹ́ náà ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo fi ìbéèrè mi sílẹ̀, ohun tó máa mú un ṣí ìwé kejì, àti ìdí tó fi máa retí pé àsopọ̀ náà á ṣiṣẹ́. Kí wọ́n sì bi mí ní ẹ̀rí ìdánwò kí wọ́n tó kọ ọ́ pé kò sí.